IDH: Ẹ́ńsáìmù Tó Gba Iṣẹ́ Mìíràn Lọ́wọ́ Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín o. Ìdí ìkòkò ògì ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí mọ̀ pé bí a bá rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò, omi orí rẹ̀ yóò kan. Ohun tó mú un kan ni pé àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì kan tí à ń pè ní lactic acid. Wọn kò nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn náà mọ ọ̀nà yìí. Bí a bá sáré àsápajúdé, tí ọ́síjìn kò sì tètè kárí iṣan, iṣan a gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọ́síjìn bá ti wà, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó wà ní àlàáfíà kì í fẹ́ ẹ, nítorí pé ìnákúnàá ni: ẹyọ gúlúkóòsì kan tó bá gba ọ̀nà ògì yóò mú ẹyọ agbára méjì péré wá fún sẹ́ẹ̀lì, nígbà tí èyí tí a bá fi ọ́síjìn jó tán yóò mú nǹkan bí 30 wá.

Ní àwọn ọdún 1920, ní Dahlem ní ìlú Berlin, Otto Warburg mú kókó jẹjẹrẹ láti ara eku, ó gé e sí pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ gan-an, ó kó o sínú ìgò kékeré tó so mọ́ ọ̀pá gíláàsì tí omi inú rẹ̀ ń gòkè tó sì ń sọ̀ bí gáàsì inú ìgò bá ṣe ń pọ̀ tàbí ń dín kù. Ọ́síjìn wà nínú ìgò náà dáadáa. Síbẹ̀, ẹran jẹjẹrẹ yìí ń jẹ gúlúkóòsì ní àjẹkì, ó sì ń tu lactic acid jáde bí ẹni tí afẹ́fẹ́ há mọ́. Warburg fa ìtumọ̀ kan yọ níbẹ̀ tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú ní 1970: ó ní ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lo ọ́síjìn ti bàjẹ́, àti pé ìbàjẹ́ yìí gan-an ni orísun jẹjẹrẹ. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1931, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ́ńsáìmù èémí (ẹ́ńsáìmù ni purotéènì tó ń sọ kẹ́míkà kan di òmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì) ni wọ́n fi dá a lọ́lá, kì í ṣe èrò yìí.

Ohun tí Warburg rí, òótọ́ ni, àwọn ẹlòmíràn sì ti rí i láìmọye ìgbà. Ìtumọ̀ tó fún un ni kò dúró. Nígbà tí a yẹ mitokóńdíríà, ìyẹn ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lo ọ́síjìn, wò nínú ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di méjì kò nílò agbára nìkan. Ó nílò ọ̀rá tí yóò fi mọ ògiri tuntun, ó nílò ohun èlò DNA àti ti purotéènì, ọ̀nà tí Warburg pè ní ìbàjẹ́ yìí sì rọrùn láti ya ohun èlò bẹ́ẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí kí n tó kúrò níbẹ̀, nítorí ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ lórí rédíò àti lórí fóònù yín: àwọn kan ti sọ iṣẹ́ Warburg di ọjà, wọ́n ní kí ẹni tó ní jẹjẹrẹ má fẹnu kan ṣúgà mọ́, ebi á sì pa kókó náà kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí aláìsàn kò bá jẹ ṣúgà rárá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ṣe gúlúkóòsì fúnra rẹ̀, nítorí ọpọlọ kò lè ṣe aláìní in. Aláìsàn ló máa ń rù. Kókó náà yóò máa jẹun rẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí Warburg ni pé irú àṣìṣe tó ṣe yìí, pé kí a rí ohun tó yí padà kí a sì gbà pé ó ti bàjẹ́ ni, tún padà wá ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, lórí ẹ́ńsáìmù tí mo torí rẹ̀ dìde lónìí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Warburg láàárín 1926 sí 1930 ni Hans Krebs. Ní 1937, nígbà tó ti kúrò ní Jámánì Hitler tó sì wà ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi hàn pé oúnjẹ inú sẹ́ẹ̀lì ń yípo bí ọmọ ayò, láti ojú ọpọ́n kan bọ́ sí èkejì, títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ́ńsáìmù kan sì jókòó ti ojú ọpọ́n kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ni isocitrate dehydrogenase, tí gbogbo ayé ń gé kúrú sí IDH. Isocitrate ni wọ́n ń gbé fún un. Yóò yọ carbon dioxide kan kúrò lára rẹ̀, ohun tó bá sì kù ni alpha-ketoglutarate, tí èmi yóò máa pè ní KG kí ahọ́n mi má baà lọ́. Oríṣi mẹ́ta ni IDH nínú ara wa. IDH3 ló jókòó ti ọpọ́n Krebs gan-an. IDH2 wà nínú mitokóńdíríà pẹ̀lú rẹ̀, IDH1 sì wà lẹ́yìn odi, nínú omi sẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ kan náà ni IDH1 àti IDH2 ń ṣe, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n tún ń pèsè NADPH, èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe ọ̀rá, tó sì tún fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ́síjìn tó bá fẹ́ jó o níná.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó fura sí IDH. Orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ sórí nítorí ìdánwò ni, lẹ́yìn náà a gbàgbé rẹ̀. Ní 2008 ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Johns Hopkins àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn tú jíìnì tó lé ní 20,000 wò nínú kókó ọpọlọ 22, irú èyí tó burú jù tí wọ́n ń pè ní glioblastoma. Wọ́n bá àwọn jíìnì tí wọ́n ti ń retí pàdé, IDH1 sì yọjú láàárín wọn bí àlejò tí a kò pè: nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò ni àṣìkọ, ìyẹn ìyípadà nínú lẹ́tà DNA, wà nínú IDH1 wọn, ọ̀dọ́ sì ló pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wo àwọn kókó ọpọlọ tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ní àṣìkọ nínú IDH1 tàbí IDH2. Ní 2009 yẹn kan náà, ẹgbẹ́ mìíràn bá a pàdé nínú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní AML. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí i nínú jẹjẹrẹ ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà nínú ẹ̀dọ̀, àti nínú èyí tó ń mú eegun rírọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ àṣìkọ yìí kí a wò ó dáadáa. Purotéènì IDH1 jẹ́ ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì 414, ìyẹn àwọn ẹyọ tí a fi so purotéènì pọ̀. Ní ojú 132, arginine ló yẹ kó wà níbẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta tó sì ń pè é nínú DNA ni CGT. Bí G àárín bá ṣèèṣì di A, tí CGT di CAT, histidine ni yóò wá jókòó sí àyè arginine. Nínú àwọn kókó ọpọlọ wọ̀nyí, èyí ló wọ́pọ̀ jù lọ, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Àwa tí à ń kọ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ kọ ọkọ tó fi àmì sókè, ọkọ́ ló kọ; bó bá fi àmì sísàlẹ̀, ọkọ̀ ló kọ. Kò sí èyí tó jẹ́ kántankàntan nínú wọn. Ìyàwó ló ń bá ọ̀kan gbé, wọ́n ń fi ọ̀kan ro oko, wọ́n ń wọ ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn.

Ó yẹ kí ibi tí àṣìkọ náà wà ti kọ́kọ́ ta wá lólobó. Jíìnì tó bá jẹ́ pé ìbàjẹ́ rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ń fẹ́, a máa ń bá àṣìkọ káàkiri ara rẹ̀, níbẹ̀rẹ̀, láàárín, nípẹ̀kun, nítorí ẹni tó fẹ́ ba ilé jẹ́ kò bìkítà ibi tí òkò rẹ̀ bá bà. Ti IDH1 kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú 132 ni fẹ́rẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo. Ti IDH2, ojú 140 tàbí 172 ni. Ẹni tó ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ ló ń fọwọ́ kan ojú kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa ní nínú jíìnì yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ẹ̀dà kan péré ni àṣìkọ sì máa ń mú. Èkejì a wà ní pípé.

Síbẹ̀ náà, èrò ìbàjẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí wọ́n gbé isocitrate fún IDH1 tó yí padà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe nǹkan kan sí i. Ìwé kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2009 sọ pé ẹ̀dà tó yí padà ti kú, àti pé ó tún ń di ẹ̀dà tó pé lọ́wọ́. Èèyàn ọlọgbọ́n ló kọ ọ́, àyẹ̀wò wọn kò sì ní àbùkù. Ohun tí wọ́n bi ẹ́ńsáìmù náà ni kò tó. Bí ẹ bá gbé igi fún ẹni tó ti di alágbẹ̀dẹ tí kò sì gbẹ́ ẹ, ẹ lè sọ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ kan tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Agios ní ìpínlẹ̀ Massachusetts gba ọ̀nà mìíràn wò ó. Wọ́n fi IDH1 tó yí padà sínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọpọlọ tí wọ́n ń sìn nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì wọn oríṣiríṣi kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì náà láìpinnu èwo ni wọ́n ń wá. Ọ̀kan ṣoṣo ló yọ gedegbe: 2-hydroxyglutarate, ìyẹn 2-HG. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà ní àlàáfíà, ìwọ̀nba kíún ló máa ń wà. Nínú kókó àwọn aláìsàn tó ní àṣìkọ yìí, ó lè di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹ́ńsáìmù náà kò kú. KG ló ń mú báyìí, NADPH ló ń fi ṣe é, 2-HG ló sì ń gbé jáde. Ẹ wá wo bí ọ̀ràn ẹ̀dà méjì yẹn ṣe já sí: purotéènì IDH1 máa ń so pọ̀ ní méjì-méjì kí ó tó ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹni pípé bá sì so mọ́ ẹni tó yí padà, ẹni pípé yóò máa sọ isocitrate di KG pẹ̀lú NADPH, ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì máa gbà á lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan ń sebẹ̀, èkejì ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ kò fi jàǹfààní kankan nínú kí ẹ̀dà méjèèjì yí padà.

Kí wá ni 2-HG ń ṣe? KG kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù mìíràn wà tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ láìmú KG lọ́wọ́, lára wọn sì ni àwọn tó ń nu àmì kúrò lórí DNA, bíi TET2, àti àwọn tó ń nu irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò lára purotéènì tí DNA wé mọ́. Àmì wọ̀nyí ló ń sọ jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì lè kà àti èyí tó gbọ́dọ̀ wà ní pípàdé. 2-HG sì jọ KG púpọ̀. Ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò àgádágodo, tí kò ṣí i, tí kò sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ gidi ráyè wọlé. Nígbà tí àwọn tó ń nu àmì kò bá ráyè ṣiṣẹ́, àmì yóò máa pọ̀ sí i lójú DNA, àwọn ojú ìwé tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì ṣí kí ó lè dàgbà yóò sì lẹ̀ pọ̀. Nínú mùdùnmúdùn eegun, sẹ́ẹ̀lì ọmọdé tó yẹ kó di sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà yóò wà lọ́mọdé, yóò sì máa bí irú ara rẹ̀. Ẹ rántí ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀gá kì í ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò kún ibẹ̀ débi pé kò ní sí àyè fún oníbàárà. AML nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì kún inú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí àwọn oògùn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ jọ mí lójú. Ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ ló jẹ́ pé pípa ni wọ́n ń pa. Èyí tí wọ́n ṣe fún IDH kàn ń dí ẹ́ńsáìmù tó yí padà lọ́wọ́ kí ó má ṣe 2-HG mọ́ ni. Àjọ FDA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí enasidenib fún IDH2 ní oṣù Kẹjọ 2017, wọ́n sì fọwọ́ sí ivosidenib fún IDH1 ní oṣù Keje 2018, fún àwọn aláìsàn AML. Nígbà tí àwọn dókítà wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tí enasidenib ṣiṣẹ́ fún, wọ́n bá sẹ́ẹ̀lì funfun tó ti gbó dáadáa níbẹ̀, wọ́n sì tún bá àṣìkọ IDH2 nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì gbígbó wọ̀nyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró wo ìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló dàgbà. Ó gba fìrídọ̀ọ̀mù. Fún àwọn àgbàlagbà tí ara wọn kò lè gba oògùn líle, ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi ivosidenib kún azacitidine, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, fún àwọn kan, ó sì fún àwọn yòókù ní azacitidine nìkan. Ìdajì àwọn ti àkọ́kọ́ gbé tó oṣù 24, ìdajì àwọn ti èkejì gbé tó 7.9.

Ìdàgbà òjijì yìí ní ewu tirẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó gbó lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí ara gbóná, kí èémí má já gaara, kí omi kó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àìsàn mìíràn ló dé tàbí pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Dókítà tó bá tètè mọ̀ ọ́n yóò fún aláìsàn ní dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dì kan, láìfi falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ yàtọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo kókó ọpọlọ tí wọ́n ti fi àńtíbọ́dì IDH1 pa láró lábẹ́ ẹ̀rọ awòfín, mo rò pé wọ́n ti ba gíláàsì náà jẹ́. Àńtíbọ́dì yìí kì í lẹ̀ mọ́ IDH1 pípé. Èyí tí histidine wà ní ojú 132 rẹ̀ nìkan ló mọ̀, sẹ́ẹ̀lì tó bá sì ní in a di àwọ̀ ilẹ̀. Mo retí àwọ̀ ilẹ̀ ní àárín kókó, mo sì rí i. Ohun tí n kò retí ni àwọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ti rìn jìnnà, ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, láàárín ọpọlọ tí ojú lásán yóò pè ní àlàáfíà. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé o rò pé ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ lè bá wọn dé ibẹ̀?” Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti yé mi ìdí tí irú kókó yìí fi máa ń padà wá.

Ohun kan sì wà tó máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Aláìsàn glioma, ìyẹn irú kókó ọpọlọ tí à ń sọ yìí, tí IDH rẹ̀ yí padà máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí IDH tirẹ̀ pé lọ, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ débi pé láti 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ti gbà kí a pe kókó tí IDH rẹ̀ yí padà ní glioblastoma mọ́. Ṣé ẹ́ńsáìmù tó ń fa jẹjẹrẹ wá tún lè jẹ́ àmì rere? Lójú tèmi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ àrùn kì í fi dandan jẹ́ ohun tó mú un le jù. Kókó tí IDH bẹ̀rẹ̀ ń rìn pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó sì lè kó àwọn àṣìkọ mìíràn jọ lójú ọ̀nà títí yóò fi yára.

Ìdí nìyẹn tí àkókò fi ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2020, wọ́n fún àwọn aláìsàn glioma ní ivosidenib. Fún àwọn tí kókó wọn kò tíì máa tàn nígbà tí wọ́n bá fi omi àfihàn ya àwòrán rẹ̀, ìyẹn àwọn tí àrùn wọn ṣì rọ̀, agbedeméjì àkókò kí àrùn tó tún tẹ̀síwájú jẹ́ oṣù 13.6. Fún àwọn tí tiwọn ti ń tàn, oṣù 1.4 ni. Oògùn kan náà ni. Látàrí èyí, nígbà tí wọ́n fẹ́ dán vorasidenib wò, oògùn tó ń wọ ọpọlọ dáadáa, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀rẹ̀ àrùn ni wọ́n wá: aláìsàn 331 tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n ti ṣe fún wọn. Ní 2023, àbájáde rẹ̀ jáde. Agbedeméjì àkókò náà jẹ́ oṣù 27.7 fún àwọn tó gba oògùn, ó sì jẹ́ 11.1 fún àwọn tó gba oògùn àfarawé. FDA fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹjọ 2024. Ó lè yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. N kò ní pè é ní ìwòsàn, nítorí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún tó lè sún ìtànṣán sí ọpọlọ síwájú fún ọdún kan tàbí méjì mọ iye tí ìyẹn tó.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ pé jẹjẹrẹ ń lo iṣẹ́ tuntun yìí ní tòótọ́ wá láti ara àwọn tí oògùn kọ̀ fún lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Àwọn aláìsàn AML kan wà tí enasidenib mú ara wọn yá, lẹ́yìn náà àrùn padà. Nígbà tí wọ́n wo IDH2 wọn, àṣìkọ kejì ti bọ́ sí ibi tí oògùn náà máa ń dì mọ́, kò sì rí ibi dì mọ́. Àwọn mìíràn wà tí IDH1 ni wọ́n ń fi ivosidenib dí lọ́wọ́, IDH1 náà sì wà ní dídí. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti dìde nínú wọn tí IDH2 wọn yí padà. 2-HG tó ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà iwájú, iṣẹ́ náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, inú mitokóńdíríà gan-an. Vorasidenib tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, IDH1 àti IDH2 ló ń dí lọ́wọ́ pọ̀.